Àwọn Èèyàn Inú Ìwé Kì í Gba Èènì

Mọ́ńdè, 2 Júùnù 2025

Wọ́n pè mí ní ilé-ìwé Wúrà lónìí. Mo fi àtẹ ọsàn mi sílẹ̀ fún Leah, aládùúgbò mi, kó bá mi wò ó. Láti Ìsìkàn, níbi tí àtẹ mi wà l'Àkúrẹ́ níbí, mo sáré títí mo fi dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Mo rò pé ọmọ ti ṣubú ni. Kò ṣubú. Ó féèlì.

Ìṣirò. Mẹ́rin nínú ogún. Ọ̀gá na ìwé tẹ́sìtì náà sí mi. Báírò pupa kún un bí ẹni da ata sí i.

Ó ní obìnrin kan wá láti Oǹdó, ó ń ṣe ìwádìí fún ìwé dókítà ẹ̀ ní yunifásítì, pé báwo ni àwọn ọmọdé ṣe ń ronú tí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò. Ọmọ mẹ́fà ló fẹ́. Wọ́n ti mú Wúrà mọ́ ọn. Mo ní ṣé àwọn tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n mú ni, àbí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n? Ọ̀gá gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú mi, ó ní kí n sáìnì. Òyìnbó ni látòkè délẹ̀. JS2 ni mo kà dé kí n tó lóyún. Mo lè ka òyìnbó díẹ̀díẹ̀ tí mo bá dá wà. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti dúró lé mi lórí, àwọn lẹ́tà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Mo sáìnì. Mi ò mọ ohun tí mo sáìnì sí.

Mi ò lè sọ ọ́ fún Leah, ẹnu ẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Ìwé Wúrà ti ọdún tó kọjá ni mò ń kọ èyí sí. Ó ṣẹ́ ku ewé púpọ̀ lẹ́yìn.

Jẹ́ kí n kọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, bóyá á kúrò ní àyà mi. Nígbà Àjíǹde, Ìyá Oǹdó — ìyá tó bí Gbémiga, Gbémiga tó bí Wúrà — sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé pé bí Wúrà bá fi lè tún kíláàsì kẹta kà, òun ń bọ̀ wá mú un ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Oǹdó ni á máa gbé, lọ́dọ̀ òun. Tíṣà ni màmá yẹn fún ọdún márùndínlógójì kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ìyá tí kò kàwé ò lè tọ́ ọmọ tó máa kàwé. Gbémiga jókòó síbẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Ó ní, "Ohun tí Màmá bá ti sọ." Lọ́jọ́ kejì ó ti padà sí Èkó.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí.

Túsìdeè, 3 Júùnù

Mi ò rí oorun sùn. Réésà gé mi ní ìka níbi tí mo ti ń bó ọsàn.

Tọ́sìdeè, 5 Júùnù

Obìnrin Oǹdó tó ń ṣe ìwádìí ti dé. Oríọlá lorúkọ ẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́, awò lójú, bàtà ẹ̀ kún fún erùpẹ̀ bíi tèmi. Mo ti múra sílẹ̀ dè é pé á gbéra ga. Kò gbéra ga. Ó tẹ orúnkún kí mi. Èmi! "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Wúrà." Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura sí i.

Ó mú Wúrà lọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì. Ó ní èmi náà lè jókòó, ṣùgbọ́n lókèèrè. Ó gbé fóònù kalẹ̀ kó máa gba ohùn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú tẹ́sìtì yẹn náà ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá: Obìnrin kan ní ọgbọ̀n ọsàn. Márùn-ún márùn-ún ló ń tà fún èèyàn kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mélòó ló máa rà á tán?

Wúrà wòkè. Ó ka ìka. "Márùn-ún."

Mo dijú. Èmi náà ò mọ ìdáhùn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe márùn-ún. Márùn-ún yẹn ni wọ́n fi báírò pupa fagi lé nínú ìwé.

Obìnrin yẹn ò ní ó gbà á, kò ní kò gbà á. "Báwo lo ṣe ṣe é?" Wúrà gbé èjìká. "Mo tà á ni." "Báwo lo ṣe tà á?" Wúrà tún gbé èjìká. Ó bi í ní òmíràn. Báwo lo ṣe ṣe é. Òmíràn. Báwo lo ṣe ṣe é. Odindi wákàtí kan! Irú kí lèyí? Tó bá mọ ìdáhùn, kó sọ ọ́ fún ọmọ. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó jẹ́ ká máa lọ sílé.

Mo ti fún un lórúkọ. Mísísì Báwo.

Fúráìdeè, 6 Júùnù

Họ́lídè Iléyá ni, mo lọ bá tíṣà Wúrà, Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè, nílé ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni mò ń pè é nínú mi, torí ẹfun pátákó kì í kúrò ní irun ẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ọgbọ̀n ọsàn, márùn-ún márùn-ún, èèyàn mélòó ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Mẹ́fà ni, Ìyá Wúrà! Ìyẹn náà tún le? Ọmọ yín ń fi orí ẹ̀ ṣeré ni. Ẹ jẹ́ kí n máa nà án bó ṣe yẹ."

Mo délé. Mo ní Wúrà, mélòó? Ó ní márùn-ún. Mo gbá a létí. Mo ní mẹ́fà! Ó di etí mú, ó ní, "Màámi, ọsàn ò ní tó." Mo tún gbá a.

Kò jẹun. Èmi náà ò jẹun. Kí ni kò ní tó?

Sọ́ńdè, 8 Júùnù

Ìyá Oǹdó pè nígbà tó dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò béèrè àlàáfíà mi, ó kàn pe orúkọ mi. "Modúpẹ́, ìṣirò ọmọ yẹn ńkọ́?" Mo ní ó ń gbìyànjú, mà. "Wọn kì í fún èèyàn ní máàkì ìgbìyànjú." Ó ní òun ti ń tún yàrá ẹ̀yìn kùn, òun sì ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré kan sí i.

Bẹ́ẹ̀dì. Ìdánwò ò tíì dé, wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì.

Mọ́ńdè, 9 Júùnù

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mísísì Báwo ní òun fẹ́ wá wo Wúrà níbi àtẹ, torí họ́lídè Iléyá ò tíì parí. Mo fẹ́ kọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún irú wọn. Ó wá. Ó jókòó lórí páálí bí ẹnì kan lára wa, fóònù ẹ̀ ń gba ohùn lórí itan.

Jíbọ́lá ọlọ́kadà dúró láti ra ọsàn. Wúrà ń kà á sínú ọ̀rá fún un: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó mú ọ̀kan sí i, ó jù ú lé e lórí, kò kà á. Mísísì Báwo na ọrùn.

"Èyí ńkọ́?"

"Èènì ni."

"O ò kà á?"

"A kì í ka èènì." Ó ń so ọ̀rá. "Ṣùgbọ́n ó ti lọ."

"Ṣé gbogbo èèyàn lo ń fún?"

"Àwọn oníbàárà wa ni. Tá ò bá fún wọn, wọn ò ní padà wá."

Obìnrin yẹn bọ́ awò ojú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Wúrà! Obìnrin tó ní ọgbọ̀n ọsàn ńkọ́?" Wúrà wò ó bí ẹni ń wo òmùgọ̀. Ó ní tó bá ń ta márùn-ún, mẹ́fà mẹ́fà ló ń lọ. Tí èèyàn márùn-ún bá ti rà á, àtẹ ti gbẹ.

Jíbọ́lá ní, "Òótọ́ lọmọ yìí sọ o! Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹnì kẹfà wá jà ni?" Ó gbé ọ̀kadà ẹ̀, ó lọ.

Inú Mísísì Báwo ń dùn ṣìnkìn. Ó ń kọ, ó ń kọ. Èmi dìde dúró. Torí ó yé mi báyìí. Kì í ṣe pé orí ọmọ ò pé. Àtẹ mi ló bà á jẹ́. Ohun tí Ìyá Oǹdó ti ń wí láti ọjọ́ yìí náà ni: ìyá tí kò kàwé. Ó ti hàn báyìí, ó sì ti wà nínú ìwé obìnrin yìí, pẹ̀lú ohùn.

Túsìdeè, 10 Júùnù

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ ti èènì yẹn. Ó ní òun kì í kọ orúkọ ọmọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ó ní, "Ìyá Wúrà, ọmọ yín ò ṣì í o." Mo ní tí kò bá ṣì í, kí ló dé tó fi gba mẹ́rin nínú ogún? Ó pa ìwé ẹ̀ dé.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Wọ́n á ní ọmọ ẹ dáa, wọn ò ní fún un ní máàkì.

Wẹ́sìdeè, 11 Júùnù

Mo ti fi òfin de èènì. Kò sí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wúrà ní, "Kódà fún Bọ̀dá Jíbọ́lá?" Mo ní kódà.

Jíbọ́lá ka ọsàn ẹ̀, ó tún un kà. "Ìyá Wúrà, ṣé ẹ ti di báńkì ni? Àbí ọsàn oko Ìjù níbí náà ti ń bá dọ́là lọ?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìṣirò ni?

Tọ́sìdeè, 12 Júùnù

Họ́lídè. Mo yá ìwé Goodness, ọmọ Leah, tó gba méjìdínlógún nínú tẹ́sìtì yẹn. Mo purọ́ fún Leah pé mo fẹ́ wo irú ìwé tó rà. Mo da ìdáhùn ẹ̀ kọ. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán lèmi àti Wúrà jókòó tì í.

Nọ́ńbà wáànù? Mẹ́fà. Nọ́ńbà túù? Mẹ́rìnlélógún. Nọ́ńbà tíríì? Mẹ́sàn-án.

Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹwàá ó ti ń kọ ọ́ lórin. Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ń kọrin. Mo ní kó má sunkún, kó máa kọrin lọ.

Mo mọ̀ pé kò dáa. Mi ò mọ èyí tó dáa.

Mọ́ńdè, 16 Júùnù

Àwọn oníbàárà mi ti sọdá sí ọ̀dọ̀ obìnrin òdìkejì títì. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Òun ń fún wọn ní èènì, ó sì ń kí wọn bí ọmọ Àkúrẹ́ gidi, "ẹ kú ulé o". Ọsàn mi ń rọ̀.

Fúráìdeè, 20 Júùnù

Mo ti ṣe ọmọ mi báṣubàṣu.

Mísísì Báwo jókòó pẹ̀lú ẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Ọkàn mi balẹ̀ lónìí, mo ní á rí i. Ó ní, "Obìnrin kan ní ogójì ọsàn. Mẹ́rin mẹ́rin ló ń tà á." Ó ti yí i padà! Wúrà ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ẹ̀. "Mẹ́fà."

"Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Nọ́ńbà wáànù ni. Nọ́ńbà wáànù, mẹ́fà."

Ó tún bi í ní ìkejì. Wúrà ní mẹ́rìnlélógún. Kò ka ìka. Kò wòkè. Ó kàn ń wo ojú mi láti ọ̀hún bóyá mo ń mirí.

Mísísì Báwo pa fóònù. Ó wá bá mi. Kò bú mi. Ì bá bú mi. Ó ní, "Ìyá Wúrà, lọ́jọ́ tí mo dé, ọmọ yìí ń ronú."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù. Mo ní, "Ẹ̀yin ń wá ìwé dókítà. Èmi ń wá bí wọn ò ṣe ní gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi!" Gbogbo ẹ̀ tú jáde lẹ́nu mi, Ìyá Oǹdó, bẹ́ẹ̀dì, Sẹ̀tẹ́ńbà. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi. Mo ní ẹ bá mi kọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ó ní bí òun bá kọ́ ọ báyìí, iṣẹ́ òun ti bàjẹ́. Wọ́n rán òun láti béèrè ni, wọn ò rán òun láti kọ́ni. Ó ní ó ń dun òun náà.

Ó ń dùn ún. Dókítà wo ló ń wọn ọgbẹ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí kì í fi oògùn sí i?

Sátidé, 21 Júùnù

Mo bẹ Wúrà. Mo fọwọ́ ra etí ẹ̀ tí mo gbá lọ́jọ́sí. Ó ní, "Màámi, kí ni ìdáhùn?" Ó rò pé ìdánwò ni.

Wẹ́sìdeè, 25 Júùnù

Mo ti dá èènì padà láti àná, ebi ò mọ ìṣirò. Jíbọ́lá ló kọ́kọ́ padà. "Ẹ kú àtúnbọ̀ sípò o, báńkì!"

Nǹkan ṣẹlẹ̀ lónìí. Ọkọ̀ èrò kan tó ń lọ Ìjàrẹ̀ dúró, obìnrin kan na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó fẹ́ ọsàn. Wúrà sáré lọ. Márùn-ún. Ó gba owó, ó yí padà. Mo ní Wúrà, èènì ńkọ́? Mo ti ní ká máa fún wọn. Ó ní, "Màámi, èrò ọkọ̀ ni. Kò ní padà wá."

Òótọ́ ni. Àwa kì í fún èrò ọkọ̀ ní èènì. Láti ìgbà tó ti mọ àtẹ ló ti rí i lọ́wọ́ mi. Mi ò kọ́ ọ rí, ó wò ó ni.

Réésà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Wúrà, wá. Obìnrin inú ìwé yẹn, tó ní ọgbọ̀n ọsàn. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ ẹ̀, o mọ̀ wọ́n?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n máa padà wá?"

Ó ronú. Ó wòkè! Olúwa, ó wòkè. Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. "Wọn ò lè padà wá. Inú ìwé ni wọ́n wà!"

"Èènì wọn dà?"

"Kò sí. Èrò ọkọ̀ ni gbogbo wọn!"

"Èèyàn mélòó ló máa rà á tán?"

Ó ka ìka. "Mẹ́fà."

Mo yí i padà bí Mísísì Báwo ṣe ṣe. Ogójì, mẹ́rin mẹ́rin. Mẹ́wàá. Ọgọ́ta, márùn-ún márùn-ún. Ó pẹ́ díẹ̀. Méjìlá. Leah ń pariwo pé kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣé a ti ya wèrè ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ọsàn.

Fúráìdeè, 27 Júùnù

Mísísì Báwo gbọ́ ọ lẹ́nu Wúrà fúnra ẹ̀. "Èrò ọkọ̀ ni àwọn èèyàn inú ìwé." Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Wúrà nawọ́ sí mi. Obìnrin yẹn wá jókòó tì mí, ó gbé fóònù sí iwájú mi, ó ní, "Ìyá Wúrà, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Mi ò mọ̀. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo wò ó ni.

Ó ní òun máa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tíṣà l'Oǹdó ní Sátidé tó jẹ́ 19 oṣù tó ń bọ̀, kí èmi náà wá. Mo ní màá rí i. Mi ò ní lọ.

Tọ́sìdeè, 3 Júláì

Wúrà gba ìdáhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nínú iṣẹ́ kíláàsì. Ṣọ́ọ̀kì yọ máàkì márùn-ún kúrò. Ó ní kò kọ ọ́ bí òun ṣe kọ́ wọn, níbo ló ti rí i? Ó tún nà án ní ẹgba méjì pé ó jí ìwé wò.

Tó bá ṣì í, ẹgba. Tó bá gbà á, ẹgba. Mo fẹ́ lọ bá a jà. Mo dé ẹnu géètì. Mo padà.

Mo kórìíra ara mi lónìí ju Ṣọ́ọ̀kì lọ.

Mọ́ńdè, 14 Júláì

Ìdánwò ìṣirò. Mo bó ọsàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Tọ́sìdeè, 17 Júláì

Mẹ́rìndínlógún nínú ogún. Ó ti wọ kíláàsì kẹrin.

Mo wo káàdì èsì ìdánwò yẹn títí. Mo ní kí Goodness bá mi kà á sókè. Ṣọ́ọ̀kì ń rẹ́rìn-ín ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì: "Ẹ rí i báyìí pé ẹgba ń ṣiṣẹ́?" Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo gbé e mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì.

Mo pe Ìyá Oǹdó. "Mẹ́rìndínlógún? Ẹ gbé káàdì náà wá kí n fi ojú mi rí i." Ó ní Sátidé. Sátidé tí Mísísì Báwo pè mí sí kan náà! Ó dáa. Kò ní rí nǹkan wí mọ́.

Sátidé, 19 Júláì

Oǹdó. Ìdílé mi ni mo lọ gbà sílẹ̀, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ìyá Oǹdó di awò mọ́jú, ó yẹ káàdì wò níwájú, lẹ́yìn, ó tún gbé e sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń wo owó ayédèrú. Ó mirí. Ó ní òun fẹ́ lọ síbi ìpàdé àwọn tíṣà kan, wọ́n pe àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà, ká jọ lọ. Ibi tí Mísísì Báwo ti ń sọ̀rọ̀ ni! Mi ò lè sọ pé rárá. Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, Wúrà sùn lé mi lẹ́sẹ̀.

Mísísì Báwo bi gbogbo gbọ̀ngàn pé ọgbọ̀n ọsàn, márùn-ún márùn-ún, èèyàn mélòó? "Mẹ́fà!" Gbogbo wọn, bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ìyá Oǹdó ló pariwo jù. Mísísì Báwo wá tan ohùn tó gbà sórí fóònù. Kò dárúkọ, ó pa àdéhùn mọ́. Ohùn Wúrà kún gbogbo ibẹ̀: *A kì í ka èènì. Ṣùgbọ́n ó ti lọ.*

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní iwájú ní, "Ọmọ yìí tọ̀nà, àbí?" Òmíràn ní kò tọ̀nà, ilé-ìwé kì í ṣe ọjà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mísísì Báwo ní òun ti lo ọdún méjì lórí èyí, òun ò sì rí tíṣà kan tó bi àwọn ọmọ náà léèrè ìdí tí wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n sọ. Ó ní ẹni tó yanjú ẹ̀ kì í ṣe òun. Obìnrin kan tó ń bó ọsàn ni.

Mo tẹrí ba. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Ara mi sì gbóná, bí ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ èèyàn fún ẹ̀bùn.

Bí Ìyá Oǹdó ṣe dìde nìyẹn, ó na ọwọ́ sókè: "Ọmọ ọmọ mi nìyẹn! Mo mọ ohùn ẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ mi ni!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Fún òun.

A padà dé ilé ẹ̀. Ó gúnyán fún wa, kò ṣe irú ẹ̀ rí. Inú ẹ̀ ń dùn. Ó ń ṣa ẹran fún Wúrà. Ó wá ní, "Modúpẹ́, o gbìyànjú. Mi ò ní purọ́. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà ó ń bọ̀ níbí. Irú orí báyìí, a ò lè fi í sílẹ̀ nídìí àtẹ ọsàn. Mo ti bá Gbémiga sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí mo bá ti sọ."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní, "Màmá, ó ti yege."

"Torí ó yege náà ni mo ṣe ń sọ."

Òkèlè wà lọ́wọ́ mi. Mo dá a padà sínú àwo. Ẹ̀rù ń bà mí, àtìgbà tí mo ti mọ màmá yẹn ló ti ń bà mí, mi ò gbé ojú wò ó rí. Mo gbé ojú wò ó. Mo ní, "Màmá, ẹ forí jì mí. Tó bá féèlì, ẹ máa mú un, torí mi ò kàwé. Tó bá páàsì, ẹ máa mú un, torí orí ẹ̀ pé. Ìdánwò wo la wá ń ṣe láti oṣù kẹfà?"

Ó ní, "Kí lo sọ?"

Mo tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ní mo ti ń wá ìdáhùn tó máa tẹ́ yín lọ́rùn, mo gbá ọmọ létí nítorí ẹ̀, mo fi orin sí i lẹ́nu nítorí ẹ̀. Kò sí ìdáhùn kankan níbẹ̀. Ẹ ti mú un kí ẹ tó béèrè.

Kò fèsì. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì bi ọmọ ní ìbéèrè. Ó ń wò mí, ó ń wò mí, ọwọ́ ẹ̀ wà lórí àwo ẹran.

Mo fọ ọwọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, oúnjẹ dùn, mà. Mo ní Wúrà, wọ bàtà ẹ. Ó ní ṣé a ò ní sùn síbí ni? Mo ní rárá. Ìyá Oǹdó pe orúkọ mi lẹ́yìn wa, ẹ̀ẹ̀kan. Mi ò dúró. Mo rò pé ẹnì kan máa fà mí láṣọ títí a fi wọ ọkọ̀.

Sọ́ńdè, 20 Júláì

Gbémiga ti pè nígbà méje. Ní ìkẹjọ mo gbé e. Ó ní kí ni mo sọ sí ìyá òun. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́. Ó ní òun ń bọ̀ ní Fúráìdeè. Mo ní kó máa bọ̀.

Mi ò mọ ohun tí Fúráìdeè máa gbé wá. Wúrà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá Goodness jà lórí okùn tí wọ́n fi ń fò. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ dé inú ilé níbí.